Ìṣíjú Kámẹ́rà Kì í Ṣe Eré Sísá

Bí a bá ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa kámẹ́rà àtijọ́ tó ń lo fíìmù, ìyára ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, torí òun ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe nọ́ńbà tó wà lórí ṣọ́tà, ìyẹn ẹ̀yà kámẹ́rà tó ń ṣínà fún ìmọ́lẹ̀ tó sì ń dí i. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo Leica III tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1933. Aṣọ ìkélé méjì ló ń ré kọjá níwájú fíìmù rẹ̀: aṣíwájú ṣínà fún ìmọ́lẹ̀, atẹ̀lé wá dí i. Ẹ̀ báà yí nọ́ńbà ṣọ́tà sí 60, ẹ̀ báà yí i sí 500, eré kan náà ni aṣọ yẹn ń sá. Ìgbà tí atẹ̀lé gbéra ló yàtọ̀, òun ló ń sọ bí àlàfo àárín wọn ṣe máa fẹ̀ tó. Àkókò ìṣíjú ni kí a pè é. Mo ro ìlajú náà, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ ọ̀làjú jù. Ìpéǹpéjú ní tirẹ̀ yẹ ṣọ́tà irú ti Compur, tí irin pẹlẹbẹ rẹ̀ ń ṣí láti àárín tó sì ń pa dé síbẹ̀.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára kámẹ́rà ni àkókò àkọlé; bí ó ṣe ṣíjú pẹ́ tó ní tòótọ́ ni àkókò gidi. Òróró tó ti gan àti sípíríngì tó ti rẹ̀ ló sábà máa ń yà wọ́n.

Kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra tó, ẹ lẹ bébà funfun tín-ínrín mọ́ etí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan. Dígírì 200 ló ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí ṣọ́tà sí 8, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú-àáyá, kí ẹ ya àwo náà láti òkè. Bí ipa funfun inú fọ́tò bá gba dígírì 25, àkọlé àti gidi bára mu. Bó bá gba 40, ìdá kan nínú márùn-ún ló fi ṣíjú. Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù fún fíìmù. Ní 500, ipa náà kò ní tó ìdajì dígírì, kò ṣe é wọ̀n. Ibẹ̀ la ti nílò iná lápá kan, ohun èlò tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára lápá kejì, àti kọ̀ǹpútà tí yóò ka àkókò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kámẹ́rà ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ àkókò gidi tí ẹ bá rí sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ kámẹ́rà náà, kí ẹni tó fẹ́ lò ó lè mọ nọ́ńbà tí yóò yí i sí.