ADÁGÚN CHAD ÀTI ẸJA INÚ ỌBẸ̀ WA

Ilé ìpàdé tí a tìtorí rẹ̀ pé jọ lónìí, kí Olúwa jẹ́ kí píparí rẹ̀ ṣojú ẹ̀mí gbogbo wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn, mo kọ́kọ́ kọ̀, nítorí pé ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹja sì ni mo ń tà. Ṣùgbọ́n mo rò ó wò pé àwọn ọmọ wa ń jẹ ẹja àrọ̀ yíyan tí a ń pè ní bàńdà, wọn kò sì mọ ibi tí ó ti wá ré kọjá ọjà Baga Road. Àwọn àgbà mìíràn pẹ̀lú a máa sọ pé adágún náà ti gbẹ tán, pé kò sí ohun tí a tún ń dúró ṣe níhìn-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ tí mo fi mú gègé nìyí.

BÍ OMI NÁÀ ṢE Ń WÁ

Adágún Chad wà láàárín orílẹ̀-èdè mẹ́rin: Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon. Ó fẹ̀, ṣùgbọ́n kò jìn. Ní ibi púpọ̀, omi rẹ̀ kò ju mítà 2 tàbí 3 lọ, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀. Nítorí pé kò jìn, bí omi bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni yóò yọ síta. Bí ó bá sì gòkè díẹ̀, yóò bo oko mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé kì í ṣe ìgbà òjò wa ni omi náà ń kún. Òjò Borno ń rọ̀ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n bí a bá pín omi tí àwọn odò ń gbé wọ inú adágún sí ọ̀nà mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀nà mẹ́sàn-án ni ó ti odò Chari àti Logone wá, àwọn odò tí ó ti òkè Central African Republic àti Cameroon ṣàn wá. Odò Yobe ti ọ̀dọ̀ wa kéré sí wọn púpọ̀. Omi náà ń rìn jìnnà, ó sì ń tàn sórí pápá títẹ́jú kí ó tó dé. Nítorí náà, oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, tí ọyẹ́ ń la ètè wa, ni ó máa ń kún jù ní apá gúúsù adágún. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí fà, títí di oṣù kẹfà tàbí ìkeje.

Bí omi bá ń bọ̀, ẹja a wọ inú koríko tí omi bò, wọn a yé ẹyin, àwọn ọmọ wọn a sì dàgbà níbẹ̀. Bí omi bá ń fà, ẹja gbọ́dọ̀ bá omi padà, ojú iṣàn tóóró ni wọn yóò sì gbà. Ibẹ̀ ni apẹja ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè. Àwọn mìíràn a fi igi àti koríko ṣe ọgbà dí ojú iṣàn pátá, wọn a sì to ìgèrè sí ibi tí wọ́n fi sílẹ̀. Dumba ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ilẹ̀ bá yọ, apẹja kan náà a gbé ọkọ̀ sílẹ̀, a mú ọkọ́, a gbin àgbàdo àti ẹ̀wà sí ibi tí ó ti ń wa ọkọ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn.

ÀWỌN TÍ Ó MỌ OMI

Àwọn Buduma ni wọ́n ń gbé àwọn erékùṣù. Koríko odò ni wọ́n ń dì pọ̀ fi ṣe ọkọ̀, màlúù wọn sì mọ omi í wẹ̀. Àwọn Kotoko wà ní gúúsù, àwọn Kanuri wà ní etí omi. Nígbà tí Denham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé etí adágún ní ọdún 1823, wọn kò bá ilẹ̀ òfìfo. Àwọn Hausa apẹja láti ìhà Sokoto àti Kebbi dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà.

Kí ẹja tó dé ọ̀dọ̀ wa ni káún ti ń ti etí adágún yìí lọ sí ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn oníṣòwò Hausa ń rù ú wá. Nígbà tí ojú irin dé Maiduguri ní ọdún 1964, tí àwọ̀n náílọ́ọ̀nù sì ti ń tàn kálẹ̀, òwò ẹja gbòòrò. Ọdún 1964 náà ni orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dá Lake Chad Basin Commission sílẹ̀.

ỌDÚN Ọ̀DÁ

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, adágún náà fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 25,000 níbùú lóròó. Ọ̀dá 1972 sí 1974 dé, omi náà sì pín sí méjì. Ní ọdún 1975, apá àríwá gbẹ. Kí ẹ kíyè sí èyí: nígbà tí omi ń kéré, ẹja kó jọ sójú kan, wọ́n sì pa á ní àpalẹ̀. Ọjà kún, inú oníṣòwò dùn. Lẹ́yìn náà ni ẹja wọ́n. Ọ̀dá kejì dé ní 1983 àti 1984, omi tí ó hàn gbangba kò sì tó kìlómítà 2,000 mọ́.

Salanga àti ẹja gìwá tí ó fẹ́ràn omi gbalasa dín kù. Ṣùgbọ́n àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ bí omi bá bàjẹ́, ó sì lè gbé nínú ẹrẹ̀ àti koríko. Ìdí nìyí tí àrọ̀ fi gba orí àtẹ wa.

Ìjọba ti gbẹ́ odò àtọwọ́dá ńlá ní àwọn ọdún 1970 láti fa omi adágún bomi rin hẹ́kítà 67,000. Omi sá fún un. Àwọn apẹja kò gbẹ́ nǹkan kan; wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n tẹ̀ lé omi. Wọ́n tẹ̀ lé e títí tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi tẹ Darak dó, láìbìkítà ibi tí ààlà wà. Ní ọdún 2002, ilé ẹjọ́ àgbáyé sọ pé ilẹ̀ Cameroon ni, Nàìjíríà sì kó kúrò níbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2003.

Láti àwọn ọdún 1990 wá, omi ti padà díẹ̀díẹ̀. Kò tíì tó ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò gbẹ.

Èmi náà ti ṣe agídí sí omi yìí rí. Ní ìgbà èwe mi nínú òwò, mo rí i pé ẹja wọ́n ní Maiduguri ní oṣù kẹjọ, mo sì yá owó sáré lọ sí Baga. Àwọn àgbà ọjà ní kí n dúró. Lọ́rì wa rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, òjò wọ inú àpò, nígbà tí a ó sì fi tú ẹrù, ìdin àti kòkòrò ti jẹ èyí tí ó pọ̀ jù. Ọdún méjì ni mo fi san gbèsè náà.

ÌGBÀ WÀHÁLÀ

Láti ọdún 2009 ni ogun ti bẹ̀rẹ̀ sí dà wá láàmú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n kọ lu Baga àti Doro, wọ́n pa ènìyàn púpọ̀, wọ́n sun ilé. Àwọn ọmọ ogun ìjọba pẹ̀lú dí òwò ẹja náà fún ìgbà pípẹ́, kí owó rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kó ẹrù, wọ́n padà sílé. N kò bá wọn wí. Ẹ̀mí kì í ṣe ọjà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gba ọ̀nà Baga lọ, wọn kò padà mọ́, pẹ̀lú àwọn Kanuri àti Hausa tí a jọ ń ná ọjà, tí wọ́n ń fi ẹja sọ́wọ́ wa láìgba owó títí a ó fi tà á.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ kò pọ̀. Bí ilé yìí bá parí, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ àwọn tí ọ̀nà náà gbé lọ sí ara ògiri rẹ̀, kí a má yọ orúkọ àwọn oníbàárà wa tí kì í ṣe Yorùbá sílẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè Kanuri, kí wọ́n lè bi àwọn apẹja léèrè ìgbà tí omi ń bọ̀ àti ìgbà tí ó ń fà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o. Àṣẹ.