Ta ló fláàṣì yín?

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ "fláàṣì" yìí, ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀.

Bí màmá yín bá ní "fláàṣì mi tó o bá dé," ẹ mọ̀ ọ́n: jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, kó o gé e. Àmọ́ ẹ gbé fóònù yẹn dé Ọ̀tìgbà, kí ẹni tó ń tún un ṣe sọ pé òun máa fláàṣì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn o!

Owó ló bí ti àkọ́kọ́. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni Econet àti MTN gbé GSM dé ọ̀dọ̀ wa. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ. Ta ló fẹ́ ná 50 náírà torí "mo ti dé"? Làwọn èèyàn wa bá sọ agogo fóònù di èdè. Ẹ̀ẹ̀kan: mo ti dé. Ẹ̀ẹ̀mejì: ẹ pè mí. (Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀ ṣá.) Glo dé lọ́dún 2003, ó ń gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá, àmọ́ fláàṣì ti mọ́ wa lára.

Ìkejì, Japan ló ti wá. Fujio Masuoka ti iléeṣẹ́ Toshiba ló ṣe mẹ́mọ́rì kan tó ṣeé nù lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi han ayé lọ́dún 1984. Wọ́n ní Shoji Ariizumi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ ní "flash", torí bó ṣe ń nu nǹkan jọ iná kámẹ́rà tó kọ mànà. Ẹ ò rí i pé ìparẹ́ ti wà nínú orúkọ náà látilẹ̀.

GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Computer Village ò jìnnà sí wa. Òpópónà ilé gbígbé ni Ọ̀tìgbà tẹ́lẹ̀, kí kọ̀ǹpútà tó gbà á, kí fóònù tó wá bá a. Níbẹ̀, fóònù tó bá há sórí lógò, wọ́n á so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n á kó sọ́fíwíà tuntun sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, fọ́tò àti WhatsApp inú ẹ̀ á bá a lọ.

Àǹtí mi kan gbé tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lọ́dún tó kọjá. "Mọ̀mí, ṣé ká fláàṣì ẹ̀?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Létí tiwọn, fláàṣì ni ohun tí kì í náni ní kọ́bọ̀. Fóònù jí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohùn bàbá wọn tó ti kú, tí wọ́n máa ń gbọ́ láràárọ̀ Sunday, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọmọ yẹn ò purọ́ fún wọn o, ohun tó fẹ́ ṣe gan-an ló sọ.

Nílé tiyín ńkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta kí ló túmọ̀ sí?