Sójà Orí Kẹ̀kẹ́ àti Gbèsè Àlejò

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ọ̀jọ́, bàbá arúgbó kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere wọ àdúgbò wa ní oṣù kìíní ọdọọdún. Ó ti ṣe sójà nígbà ogun Hítílà. Á wọ kóòtù àtijọ́, á to mẹ́dà sí àyà, á so agolo kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Inú agolo náà la ń sọ owó sí kí ó tó fún wa ní emblem, àmì ìrántí àwọn ológun tí à ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà ni ọjọ́ ìrántí wọn, nítorí ọjọ́ yẹn ni ogun Biafra parí ní 1970. Ti àwọn opó àtàwọn ọmọ tí ogun sọ di aláìníbaba ni owó náà.

Lọ́dún kan, bàbá mi sọ owó sínú agolo, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," wọ́n sì fẹ́ tilẹ̀kùn. Ìyá mi ké láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Bàbá Sójà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ wá jẹun ná." Bàbá mi ní ṣebí àwọn ti fún wọn lówó. Ìyá mi ní, "Bàbá Délé, ṣé owó inú agolo ni wọ́n máa jẹ ni? Tàwọn opó nìyẹn. Kí ni àwọn fúnra wọn á jẹ?"

Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń kà nípa àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti fi wá owó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí ogun ti ṣe léṣe. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bryn Parry ló wà nídìí rẹ̀. Ó ti ṣe sójà rí, kó tó di ẹni tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ jẹun. Ní 2007, òun àti ìyàwó rẹ̀, Emma, lọ kí àwọn sójà tó gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn Selly Oak ní Birmingham. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó. Wọ́n ní àwọn á fi kẹ̀kẹ́ wá owó. Wọ́n lọ bi Richard Dannatt, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, pé kí ni àwọn lè fi owó náà ṣe. Ó ní adágún ìwẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ ní Headley Court, níbi tí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gé ti ń kọ́ ìrìn padà. Bí ẹgbẹ́ Help for Heroes ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 2008, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn gun kẹ̀kẹ́ kọjá láwọn ibi tí ogun ti jà rí nílẹ̀ Faransé. Parry ti di olóògbé, ní 2023.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ wẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ríbi sùn, kẹ̀kẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ríbi wọ̀ kí olè má bàa gbé e. Bó bá ń san owó òtẹ́ẹ̀lì lálaalẹ́, nínú àpò ara rẹ̀ tàbí nínú owó aláìsàn ló ti máa yọ. Onílé tó bá fún un ní àwo oúnjẹ kan àti ẹní kan ti sọ owó sínú agolo náà nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà òyìnbó lásán ni kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá tiwa, tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà nígbà náà, gbéra láti Chicago lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú aṣọ Yorùbá lọ́rùn, ó di Los Angeles. Ó lé ní ẹgbẹ̀wá máìlì. Kì í ṣe sójà o, ṣùgbọ́n àlejò pátápátá ni lójú ọ̀nà náà. Òun kan náà ló wá fi àlùpùpù yí ayé ká lẹ́yìn náà, tí Ebenezer Obey fi fi í kọrin.

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ilẹ̀ Benin gba Sẹ̀mẹ̀ àti Àgbádárìgì, kò lè ṣàì kọjá ní Òkokomáìkò àti Ìyànà Ìbà kó tó dé Mile 2. Kí Ọlọ́run ṣáà ti ṣọ́ ọ nínú àwọn dánfó ibẹ̀. Àwọn Àwórì tó ni Ọ̀jọ́ kì í ṣe ẹni tí ń sá fún àlejò. Láti ìgbà tí wọ́n ti la títì márosẹ̀ náà ní àwọn ọdún 1970 ni àlejò ti ń wọ́ wá: àwọn òṣìṣẹ́ Volkswagen, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ọlọ́jà Alábà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sójà ló kan ilẹ̀kùn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìjọba ológun ọdún pípẹ́ ti kọ́ wa láti máa yẹra fún aṣọ kákí. A mọ kóbókò, a mọ "fọ́rọ́ọ̀gì jọ́ọ̀mpù" láàárín títì. Ọ̀pọ̀ nínú wa á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé ná.

Èyí ló jẹ́ kí n máa ronú nípa Isaac Fadoyebo àti ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀ ni Fadoyebo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ní 1942 tó lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sójà l'Ábẹ́òkúta, kò sì gbàṣẹ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Ọkọ̀ òkun gbé wọn dé Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ́n wọ Bọ́mà, tó ń jẹ́ Myanmar báyìí, pẹ̀lú Division 81, tí ó ní alántakùn gẹ́gẹ́ bí àmì. Igbó kìjikìji ni. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní oṣù kẹta 1944, àwọn Jàpáànù ba dè wọ́n létí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ Fadoyebo, òmíràn bà á níkùn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kú níbẹ̀, wọ́n sì fi òun náà sílẹ̀ sínú igbó. Àwọn tó gbọgbẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ń kú tẹ̀léra, títí ó fi ku òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró. Kò lè dìde. Kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni ní sàkáání náà.

Àwọn ará abúlé ló rí wọn. Wọ́n ń yọ́ gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nínú wọn ni Mùsùlùmí kan wà tó ń jẹ́ Shuyiman, tí kò jáwọ́. Nígbà tó yá, ó kó àwọn méjèèjì wọ ilé ara rẹ̀, ilé tí ìyàwó àti ọmọ wà. Àwọn Jàpáànù ṣì wà káàkiri o! Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọn, òun àti ìdílé rẹ̀ gbé nìyẹn. Ó bọ́ wọn, ó fi wọ́n pamọ́, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Àwa tí àlejò ọjọ́ mẹ́ta ń sú.

Fadoyebo padà sílé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, ó ń tiro títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó kọ ìtàn náà sínú ìwé tó jáde ní 1999. Àwọn àgbà ní lójú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Níhìn-ín, àlejò ló gbé gbèsè lọ sílé, ó sì gbé e fún ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní 2011, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Barnaby Phillips bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ lọ sí Bọ́mà. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìdílé rẹ̀ tẹ lẹ́tà náà. Lọ́dún kejì, Fadoyebo náà dágbére fáyé.

Ìran Shuyiman ni ayé ń pè ní Rohingya. Ní 2017, ó lé ní 700,000 nínú wọn tó sá lọ sí Bangladesh níwájú ìbọn, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa gbà wọ́n sílé.

Ọ̀jọ́ ní báréékì ńlá títí dòní, abẹ́ Division 81 ilẹ̀ wa ló sì wà. Nọ́ńbà kan náà ni. Èmi ò mọ̀ bóyá Bọ́mà ni Bàbá Sójà tiwa ti jagun, torí kò sẹ́ni tó bi í nínú ilé wa. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni ìyá mi gbé fún un lọ́jọ́ náà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó mumi, ó tẹ táyà ẹ̀yìn wò, ó ní Ìbà ló kàn. Bàbá mi ló bá a ti kẹ̀kẹ́ náà dé ojú títì.