Agbára Ta Ni Ó Jù? Ìtàn Ìdánwò Kan Nínú Ìmọ̀ Físíìsì

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ń bọ̀ lójú títì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ń lọ pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì sì forí sọ ara wọn. Èwo nínú wọn ni ó fi agbára tí ó pọ̀ jù lu èkejì? Ẹni tí kò wọ ilé-ìwé rí yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé akẹ́rù ni. Bí a bá gbé e ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ó ti ń kọ́ físíìsì bọ̀ láti ọdún mélòó kan, akẹ́rù náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn yóò tún pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ka òfin kẹta tí Newton ṣe láìfi ẹnu kọ: pé bí ohun kan bá ti ohun kejì, ohun kejì náà yóò ti èkínní padà ní ìwọ̀n kan náà. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni pé agbára méjèèjì dọ́gba. Ọkọ̀ kékeré ni ìyà jẹ jù nítorí pé kò wúwo; agbára kan náà a máa yí eré ohun tí ó fúyẹ́ padà ju ti ohun tí ó wúwo lọ.

Ó pẹ́ kí àwọn olùdánniwò tó ka irú ìbéèrè báyìí, tí kò ní ìṣirò, tí kò sì béèrè òfin kankan, sí ohun tí ó yẹ kí a fi dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Yunifásítì Cambridge ni ó kọ́kọ́ ń ṣètò ìdánwò ìwé-ẹ̀rí girama. Ní ìparí ọdún 1949 ni Ọ̀mọ̀wé George Jeffery wá láti London láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1950, Ìgbìmọ̀ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí tilé-toko mọ̀ sí WAEC, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1952. Ohun tí a jogún lọ́wọ́ Cambridge nínú físíìsì kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó ṣe ìdánwò náà rí: sọ ìtumọ̀ èyí, kọ òfin tọ̀hún sílẹ̀, ṣe ìṣirò ìyókù, lẹ́yìn náà kí o wọ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ so òkúta róbótó mọ́ okùn, kí o máa ka iye ìgbà tí ó fì síwá sẹ́yìn. Ìdánwò gidi ni. Ó ti ya akẹ́kọ̀ọ́ tí ó múra sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀lẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ sọ fún olùkọ́ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ gba ohun tí ó kọ sínú ìwé gbọ́.

Àwọn tí ó ṣe ìdánwò tí ó lè sọ ọ́ wà ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ibrahim Halloun, ọmọ ilẹ̀ Lẹ́bánónì, ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì kan, David Hestenes. Wọn kò fúnra wọn ro ìdáhùn òdì tí wọn yóò tò sábẹ́ ìbéèrè. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara wọn kọ ìdáhùn sílẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àṣìṣe wọn ni wọ́n wá ṣà jọ, tí wọ́n sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn tòótọ́. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣi ìdáhùn mú kò kàn ta á lọ́lẹ̀ bí ẹni ta ayò. Ó mú ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

Ní 1985 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó lé ní 1,000 ni wọ́n ti dán wò, nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó parí. Olùkọ́ mẹ́rin ni ó kọ́ wọn, ọ̀nà ìkọ́ni wọn kò sì jọra. Síbẹ̀, ìwọ̀n díẹ̀ kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi tẹ̀ síwájú lọ́dọ̀ olúkúlùkù. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó gbójú lé ẹnu dídùn dúró díẹ̀ síbi gbólóhùn yìí.

Malcolm Wells, olùkọ́ girama kan ní Arizona níbẹ̀, kò ṣe bí ẹni tí kò kàn. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kíláàsì rẹ̀ sì kún fún àyẹ̀wò àfọwọ́ṣe. Ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìdánwò náà, ohun tí ó rí sì bà á nínú jẹ́. Wells padà sí yunifásítì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1987, ó sì sọ kíláàsì rẹ̀ di ibi tí àwọn ọmọ ti ń kóra jọ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, tí wọ́n ń kọ àlàyé wọn sórí pátákó funfun, tí wọ́n sì ń gbèjà rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ní 1992, òun, Hestenes àti Gregg Swackhamer, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ girama, gbé ìdánwò tuntun jáde, tí orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Force Concept Inventory. Ìbéèrè 29 ni ó wà nínú rẹ̀. Ní 1995 wọ́n tún un ṣe, ó di 30. Ìdáhùn márùn-ún ni a tò sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ kékeré wà níbẹ̀.

Ní Harvard, Eric Mazur rò pé ìdánwò náà rọrùn jù fún àwọn ọmọ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó là á lójú: ó bi í bóyá kí òun dáhùn gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ òun, tàbí gẹ́gẹ́ bí òun alára ti máa ń ro nǹkan wọ̀nyẹn. Ọmọ yìí mọ̀ pé ọkàn méjì ni òun ní, ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan fún ayé. Ní 1998, Richard Hake ṣe ìṣirò lórí kíláàsì 62, láti girama títí dé yunifásítì, tí akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn jẹ́ 6,542. Nínú kíláàsì 14 tí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́, àwọn ọmọ rí nǹkan bí 23 gbà nínú 100 ohun tí ó kù kí wọ́n mọ̀. Nínú 48 yòókù, níbi tí a ti ń jẹ́ kí wọ́n jiyàn kí wọ́n sì dán nǹkan wò, ó tó 48.

Àṣìṣe tí ìdánwò náà ń hú jáde kì í ṣe ti òmùgọ̀. Bí a bá ju bọ́ọ̀lù sókè, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní agbára ọwọ́ ẹni tí ó jù ú ṣì wà nínú rẹ̀, pé ìgbà tí ó bá tán ni yóò já bọ́. Ohun tí ó súnmọ́ èyí gan-an ni Philoponus kọ́ ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, tí Jean Buridan sì tún gbé dìde ní Paris kí ọdún 1400 tó pé. Ní 1687 ni ìwé Newton jáde. Bí a bá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò, kò sí ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lára bọ́ọ̀lù náà lẹ́yìn tí ó ti kúrò lọ́wọ́ bí kò ṣe ilẹ̀ tí ó ń fà á mọ́ra.

Èdè Yorùbá fún akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ní ìdí mìíràn láti ṣìnà. À ń sọ pé ènìyàn ní agbára, pé agbára rẹ̀ ti tán, bí ẹni pé ohun ìní ni, tí a lè kó pamọ́ tí a sì lè ná. Ohun tí Newton ń wí kò ṣeé ní; àárín ohun méjì ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, ipá, bí a ti ń lò ó nígbà tí a bá ní a fi ipá mú ẹnìkan, súnmọ́ ọn jù, nítorí pé kò sí ìfipámúni láìsí ẹni tí a mú. Ètò Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa darí láti 1970, fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ náà tó dé ibi tí a ti ń kọ́ni lófin Newton ní girama, Gẹ̀ẹ́sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ a wá kọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì fi agbára túmọ̀ rẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú ọkàn, láìsí olùkọ́ tí ó gbọ́ ìtumọ̀ náà. Ìbéèrè akẹ́rù àti ọkọ̀ kékeré, bí a bá fi Yorùbá bi í kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí a sì tún fi Yorùbá bi í nígbà tí ó parí, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀.