Ta Ló Ni Aṣọ Alákàṣà?

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó wọ aṣọ ni òwe náà ń sọ. Ẹni tó ṣe aṣọ ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò lónìí.

Ní ọdún 1937, nígbà tí ìgbéyàwó Wallis Simpson àti Edward Kẹjọ, ọba tó ti fi adé sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kù sí dẹ̀dẹ̀, Cecil Beaton ya fọ́tò àfẹ́sọ́nà náà fún ìwé ìròyìn Vogue. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, alákàṣà pupa kan sì nà gbalaja síwájú yẹ̀rì rẹ̀. Salvador Dalí, ayàwòrán ará Sípéènì, ló ya alákàṣà yẹn. Ilé ìránṣọ Elsa Schiaparelli ní Párísì ló ṣe aṣọ. Láti ìgbà náà ni àìmọye ènìyàn ti ń pè é ní iṣẹ́ Dalí, bí ẹni pé ògiri lásán tí ó rí ya nǹkan sí ni aṣọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Róòmù ni wọ́n ti bí Schiaparelli ní 1890, sí ìdílé ọ̀mọ̀wé. Kò kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ní Párísì, ó rí súwẹ́tà kan lọ́rùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kì í fà bíi ti àwọn yòókù, ó sì wádìí ẹni tó hun ún. Obìnrin ará Àméníà kan ni. Schiaparelli ya ọ̀já funfun, irú èyí tí à ń so sọ́rùn, sórí ìwé, ó ní kí ó hun ún mọ́ súwẹ́tà dúdú. Ti àkọ́kọ́ kò dára, èkejì sàn díẹ̀, ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó ní ọ̀já wà lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, òwú tí a hun ni. Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ nípa ayé rẹ̀ ní 1954, ó ní oníṣòwò ará Amẹ́ríkà kan béèrè ogójì lẹ́ẹ̀kan náà, láàrin ọ̀sẹ̀ méjì péré, ni wọ́n bá ń wá àwọn obìnrin Àméníà kiri Párísì kí wọ́n lè bá wọn hun ún. Ọdún 1927 ni súwẹ́tà yìí jáde. Ọdún 1929 ni Dalí wọ ẹgbẹ́ àwọn surrealist, àwọn ayàwòrán àti akéwì tí iṣẹ́ wọn jọ àlá. Ẹ̀tàn ojú tí a ń torí rẹ̀ yìn ín ti wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ obìnrin yẹn kí ó tó dé.

A kò ní torí èyí gba ti Dalí lọ́wọ́ rẹ̀. Fìlà tó dà bí bàtà gogoro tí a dojú rẹ̀ dé wá láti inú fọ́tò tí Gala ìyàwó rẹ̀ yà nígbà tí ó gbé bàtà lérí. Ní 1938, àwọn méjèèjì ṣe aṣọ kan tí wọ́n ya àwòrán ibi yíya sí lára, bí awọ ẹran tí wọ́n ń bó. Ìborí tó bá a lọ ni wọ́n gé ní tòótọ́. (Ó dùn mọ́ mi nínú pé wọ́n dún bákan náà ní èdè wa: à ń ya àwòrán, à ń ya fọ́tò, aṣọ náà sì ń ya.) Ṣùgbọ́n ta ló gé ìborí yẹn tí kò fi tú? Ní ti kóòtù tí Jean Cocteau ya ojú méjì tó kọjú síra sí ní 1937, a mọ ìdáhùn: ilé iṣẹ́ Lesage ló fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà rẹ̀.

Kámẹ́rà ló kó òkìkí gbogbo rẹ̀ kúrò ní Párísì. Man Ray ya àwọn fìlà Schiaparelli fún ìwé Minotaure ní 1933. Mae West wọ aṣọ rẹ̀ nínú sinimá Every Day's a Holiday. Kò wá fún ìwọ̀n, ère ara rẹ̀ ló fi ránṣẹ́, ìrísí ère náà ni Leonor Fini sì fi ṣe ìgò lọ́fínńdà Shocking ní 1937. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í sábà ya ojú rírán. Nínú fọ́tò, aṣọ a máa dà bí àwòrán pẹlẹbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé orúkọ ayàwòrán ti borí ti aránṣọ.

Wọ́n ti ilé náà pa ní 1954, Schiaparelli sì kú ní 1973, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún ti gbé orúkọ rẹ̀ padà sẹ́nu òwò ní ọ̀rúndún tiwa yìí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni aṣọ yíya yẹn àti kóòtù Cocteau. Ti alákàṣà wà lọ́wọ́ Philadelphia Museum of Art. Bí ẹ bá bá wọn pàdé, ẹ má dúró lọ́ọ̀ọ́kán bíi Beaton. Ẹ sún mọ́ gíláàsì, kí ẹ wá ojú rírán.