Mọ́dábọ́ọ̀dù Tó Bàjẹ́ àti Wáráńtì Rẹ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Àtúnṣe ní Otigba

Títí di nǹkan bí àárín ẹ̀wádún 1990, ilé gbígbé ló pọ̀ jù ní òpópónà Otigba àti Ola Ayeni ní Ìkẹjà. Àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà àti ohun èlò ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ gba ìsọ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí fóònù GSM dé ní 2001, ọjà náà gba gbogbo àdúgbò, Computer Village sì di orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà tuntun ti wà ní Nàìjíríà ṣáájú ìgbà yẹn, àmọ́ báǹkì, ilé iṣẹ́ epo àti ìjọba ló sábà máa ń rà á. Ọwọ́ aṣojú ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti ń rà á. Bí mọ́dábọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, bá kú láàárín àkókò wáráńtì, aṣojú yìí ni yóò wá òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Otigba ló gbé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, atẹ̀wé àti oníṣòwò kékeré, tòkunbọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó gbé dé.

Ibi tí wáráńtì parí sí ni ọjà tòkunbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Bírítéènì àti Amẹ́ríkà máa ń kó kọ̀ǹpútà wọn dànù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìwádìí jáde lórí èyí tó ń gba Èkó wọlé. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ló ń wọlé lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun inú rẹ̀ ni kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Ohun ìtìjú ni fún àwọn tó kó o ránṣẹ́. Síbẹ̀, ara bọ́ọ̀dù òkú wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ Otigba ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń yọ ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń jí èyí tó kù.

Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, àrùn kan bá mọ́dábọ́ọ̀dù jà káàkiri ayé. Kapásítọ̀ ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀yà tó dúró lórí bọ́ọ̀dù bí àgòló kéékèèké, tí wọ́n ń mú kí iná tó ń lọ síbẹ̀ dúró ṣinṣin. Omi tí àwọn aṣèkapásítọ̀ kan dà sínú tiwọn kò dára: orí kapásítọ̀ á wú, á là, omi á ṣàn jáde, kọ̀ǹpútà á sì máa kú lójijì. Ó kan Dell, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, gan-an. Ní 2005, ilé iṣẹ́ náà ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí kọ̀ǹpútà OptiPlex tó ní àrùn yìí, ó sì fi kún ọjọ́ wáráńtì mọ́dábọ́ọ̀dù wọn. Ní 2008, Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù, jẹ́wọ́ pé àbùkù wà lára àwọn ṣíìpù kan tó ti tà fún àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù. HP, ọ̀kan nínú wọn, fi kún ọjọ́ wáráńtì àwọn kan nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀.

Ó tọ́ kí wọ́n fi kún wáráńtì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ra ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ka irú wáráńtì yìí. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fi di tòkunbọ̀, ọjọ́ ti lọ, rìsíìtì ti sọnù, ẹni tó rà á ní Ìkẹjà ló sì ru àbùkù ilé iṣẹ́ náà.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í sáré gbé irin ìjólẹ́ẹ̀dì. Yóò yọ bátìrì, yóò tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, yóò gbóòórùn rẹ̀ bóyá ibì kan ti jó, yóò sì fi mítà tẹ̀ lé iná láti ojú ihò ṣájà. Bí bọ́ọ̀dù bá ṣọ́ọ̀tì, tí ojú kò sì rí ibẹ̀, yóò fi sípírítì pa á, yóò wá fi iná díẹ̀ sí i. Ẹ̀yà tó ti bàjẹ́ ló máa gbóná. Ibi tí sípírítì bá ti kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni yóò pààrọ̀, nígbà tó jẹ́ pé odindi bọ́ọ̀dù ni wáráńtì ìbá pààrọ̀. Ti ṣíìpù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná tú u, wọ́n á nu lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kúrò, wọ́n á to lẹ́ẹ̀dì róbótó-róbótó tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ríbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é. Ó ń jí ẹ̀rọ, àmọ́ bó bá jẹ́ inú ṣíìpù ni àbùkù wà, ẹ̀rọ náà á tún kú.

Ọjà náà dá wáráńtì tirẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà á tan ẹ̀rọ wò lójú ọlọ́jà kó tó sanwó. Ọlọ́jà á fi ọwọ́ kọ iye ọjọ́ sára rìsíìtì, á sì lẹ bébà pélébé mọ́ ojú sukurúù. Bí bébà yìí bá ya, tàbí tí omi dà sínú ẹ̀rọ, tàbí tí iná NEPA jó o, àdéhùn parí.

Àmọ́ òfin ìjọba náà wà: Òfin 66 ti ọdún 1992 ló dá àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin ti 2018 ló sọ àjọ náà di FCCPC, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà. Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ṣì ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà mọ́, kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ta mọ́dábọ́ọ̀dù tó ti bàjẹ́ fún.