Alùpùpù BSA Kan àti Àpótí Sípánà Ará Kùmásí

Lọ́dọọdún ni alága máa ń kọ nǹkan sínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé ìpàdé àti owó ìsìnkú ló sì sábà máa ń jẹ́. Tọdún yìí yàtọ̀. Àwọn tó ti wá sílé mi ní Sábó ti rí alùpùpù pupa kan lẹ́bàá àtẹ̀gùn, wọ́n sì ń bi mí léèrè ìdí tí èmi alásọ, tí mo ń tajà ní Kantin Kwari, fi ń fi ọjọ́ Àìkú ha irin. Mo fẹ́ dá gbogbo wọn lóhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

BSA lorúkọ tó wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ orúkọ yẹn dáadáa lára kẹ̀kẹ́. Ìlú Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1861, ìbọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń rọ níbẹ̀. Ohun tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró fún náà nìyẹn, Birmingham Small Arms. Kẹ̀kẹ́ ló tẹ̀ lé ìbọn, alùpùpù ló tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Irú èyí tí mo ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Bantam, ìyẹn irú adìẹ kékeré kan tí kì í bẹ̀rù ìjà. Ó kọ́kọ́ jáde ní 1948, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1971. Iye tí wọ́n ṣe ju 300,000 lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀. Alùpùpù àwọn ará Jámánì ni, DKW RT 125, láti ìlú Zschopau. Nígbà tí Jámánì pàdánù Ogun Àgbáyé Kejì ní 1945, àwọn tó ṣẹ́gun kó àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lọ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn ogun. BSA ṣe tirẹ̀ jáde, Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà ṣe tirẹ̀, àwọn ará Rọ́ṣíà náà ṣe tiwọn. Kódà YA-1, alùpùpù àkọ́kọ́ tí Yamaha ṣe ní Japan ní 1955, àwòkọ ẹ̀rọ yìí kan náà ni. Gẹ̀ẹ́sì wá yí tiwọn padà bí ìgbà tí èèyàn bá wo ara rẹ̀ nínú dígí, jíà tó wà lẹ́sẹ̀ òsì bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ mi, tó mọ Boxer gùn bí ẹni ń mumi, bíréèkì ló ń tẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń wá jíà lórí BSA. Mo ti rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí.

Bàbá mi kò ra alùpùpù yìí fún fáàrí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Tamale ní àríwá Gánà ló sì ti ń tajà. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ̀tì, Ọ̀fà àti Ìlọrin ti wà nílẹ̀ yẹn tipẹ́ kó tó gba òmìnira ní 1957. Ní 1963 ni ó rà á ní àlòkù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba kan. D7 ni, ẹ́ńjìnnì 172 cc, jíà mẹ́ta. Nílẹ̀ Dagomba, ọjọ́ mẹ́fà mẹ́fà ni ọjà ń yí po láti ìlú dé ìlú. Ẹni tó bá ń dúró de lọ́rì, ọjà méjì ni yóò ná nínú wọn. Bàbá mi ń ná mẹ́rin. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ kan rọ kẹ́ríà ńlá sẹ́yìn rẹ̀, orí kẹ́ríà yìí ló sì ń di abẹ́rẹ́, òwú, ìṣáná, ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ mọ́. Tamale ni wọ́n bí mi sí ní 1968, owó orí alùpùpù yẹn ni wọ́n sì fi sọ mí lórúkọ.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé K. A. Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gánà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé wo? Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn àgbà yín, mi ò ní tún un sọ tán. Ọjà tí wọ́n fi poun rà, wọ́n tà á ní kọ́bọ̀. Gbèsè tí wọ́n ń jẹ wọ́n, ó kú síbẹ̀. Bàbá mi ta bẹ́ẹ̀dì, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, ṣùgbọ́n ó yarí pé òun ò ní ta BSA. Àyè tí alùpùpù náà gbà nínú lọ́rì ì bá gba ìdì aṣọ méjì, ọ̀rọ̀ yìí sì ni ìyá mi ń bá a jà lé lórí títí tí ìyá fi kú. Okùn tí wọ́n fi dè é láti Tamale dé Accra, dé Aflao, gba Togo àti Dahomey kọjá, fi ihò pọ́nkú kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì táńkì rẹ̀. Ẹ máa rántí ihò yẹn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Nígbà tí a dé Ògbómọ̀ṣọ́, agbo ilé ti kún fún àwọn tó ti Gánà dé. Ní 1971, bàbá mi gbé alùpùpù wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ó di Kánò. Àwọn èèyàn wa ti wà ní Sábó láti ìgbà tí ojú irin ti dé ìlú yìí ní 1911, kò sì ṣòro fún un láti rí yàrá kan.

Mẹkáníìkì ló ṣòro láti rí. Ìgbà yẹn ni Honda, Suzuki àti Yamaha ti ń gba ìgboro. Àwọn mẹkáníìkì ibí mọ tiwọn, wọn ò mọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní nǹkan bí 1975 ni ará Gánà kan dé Sábó. Owó epo rọ̀bì ti ń mú kí wọ́n máa wá síbí nígbà náà, tíṣà, télọ̀, káfíńtà, oríṣiríṣi. Ọmọ Kùmásí lèyí, Suame Magazine ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ti pọ̀ bí èèrà. Òun pẹ̀lú bàbá mi a máa sọ Hausa, bí ọ̀rọ̀ bá sì dùn tán, wọ́n á bọ́ sí Twi. Kì í gba owó iṣẹ́ tán lọ́wọ́ bàbá mi.

Ohun tó mú kí ó yàtọ̀ ni àpótí sípánà rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà kì í fi mìlímítà wọn nọ́ọ̀tì. Wọ́n ní ìwọ̀n tiwọn tí wọ́n ń pè ní Whitworth. Nọ́ńbà ara sípánà rẹ̀ kì í ṣe ti bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí bóòtù tó wọnú nọ́ọ̀tì ṣe sanra tó ni. Ẹni tó bá fi sípánà mìlímítà ti ìwòyí tú u, yóò rò pé ó bá a mu, á fa á lẹ́ẹ̀kan, á fa á lẹ́ẹ̀kejì, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí nọ́ọ̀tì yóò sì bó dànù, yóò di roboto. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà! Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ jẹ́ ará Gánà, gbogbo wa la sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àpò tí wọ́n fi kẹ́rù títí dòní. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ojú ń tì mí láti kọ ohun tó kàn yìí sínú ìwé ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìtàn ni a ń sọ. Àwọn èèyàn wa dúró sójú pópó Sábó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí àwọn ará Gánà ti ń gbẹ́rù kọjá. Èmi náà wà níbẹ̀, mo pàtẹ́wọ́. Àwọn kan tí Busia lé wá wà láàárín wa, mo mọ̀ wọ́n. Bàbá mi ò jáde rárá.

Ní òru ọjọ́ kejì, ọmọ Kùmásí yìí gbé àpótí rẹ̀ wá sílé wa. Irin inú rẹ̀ wúwo, ẹrù tí lọ́rì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ò sì tó nǹkan. Ó ní kí bàbá mi bá òun tọ́jú rẹ̀, òun ń bọ̀ wá mú un. Bàbá mi fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè rówó mú lọ, ó kọ̀. Ó ní ẹni tó bá ta irinṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ padà wá mọ́.

A ò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, BSA kọ̀ láti jí, bàbá mi sì tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ra Suzuki. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà, tí àwọn ará Kánò ń pè ní achaba, gba gbogbo ìlú, títí ìjọba fi fòfin dè wọ́n pé kí wọ́n má gbé èrò mọ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2013. Bàbá mi ti kú ní tirẹ̀ ní 2008. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí àpótí yẹn.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n sé wa mọ́lé nítorí àrùn Kòrónà, ọjà wà ní títì, èmi ò sì mọ bí wọ́n ti ń jókòó lásán. Mo fa BSA jáde. Adìẹ ti ń yé sórí ìjókòó rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, eku ti jẹ wáyà tán, irin tó dára jù lára rẹ̀ ti dípẹtà. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe. Kẹ́ríà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, mo sì tà á fún àwọn baban bola pẹ̀lú páànù àlòkù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé, ó ní, "Kẹ́ríà dà?" Orí rẹ̀ ni bàbá máa ń gbé e sí lọ sọ́jà ní Tamale. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a kiri láàárín àwọn oní-irin ní Kofar Ruwa. Mi ò rí i.

Láti ọjọ́ náà, kò sí nǹkan tó tún jáde kúrò nínú ọgbà mi láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí ẹni tó ń na páànù mọ́tò sọ pé òun yóò fi wákàtí kan yọ ihò pọ́nkú ara táńkì, mo ní kí ó fi sílẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí lókè òkun pín sí méjì: àwọn kan fẹ́ kí alùpùpù rí bí ọjọ́ tó jáde ní iléeṣẹ́, àwọn kan ní kí ojú àpá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀dà pupa tuntun ni mo fi kùn ún, nítorí pé pupa la bá lábẹ́ ọ̀dà dúdú tí bàbá mi fi kùn ún, ṣùgbọ́n ihò okùn wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà.

Mo ṣí àpótí. Sípánà mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀, ó fi gírísì pa wọ́n lára, ó sì fi àkísà wé e. Ọ̀kankan ò dípẹtà. Bí mo ṣe fi èyí àkọ́kọ́ sórí nọ́ọ̀tì, tí ó wọlé tí kò mì, mo ní láti jókòó ná.

Ẹ́ńjìnnì fún wa ní wàhálà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróò. Epo àti afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ gba inú ikùn ẹ́ńjìnnì níbi tí kíráǹkì ti ń yí, kó tó gòkè lọ sórí písítìnì. A yí pọ́lọ́ọ̀gì padà, a fọ kábúrétọ̀, a yí kọ́íìlì padà, oṣù márùn-ún kọjá, kò jí. Àwọn ọmọ mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n ra ẹ́ńjìnnì Boxer kí a dè é mọ́ ọn. Inú bí mi. Ìgbà tí mo wá rò ó dáadáa ni mo mọ̀ pé ọ́ìlì síìlì ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ti le gan-an bí igi fún jíjókòó lásán láti 1984. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, epo ò lè dé òkè. Wọ́n ṣì ń ṣe é tuntun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi í ránṣẹ́ nínú ìbọ̀sẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2021, ó jí ní ìtapa kẹrin. Èéfín gba gbogbo ọgbà. Ẹ̀gbọ́n mi jáde láti ilé ìdáná, kò sọ nǹkan kan, ó lọ dúró sẹ́yìn alùpùpù, níbi tí kẹ́ríà ì bá wà.

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí. Mo ti fọ sípánà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, mo ti fi gírísì pa wọ́n, mo sì ti kó wọn padà sínú àpótí. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìdérí, ìṣó ló fi kọ ọ́. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Ẹni tó bá ní ará tàbí oníbàárà ní Kùmásí nínú yín, tó sì mọ mẹkáníìkì kan tó ti gbé Sábó Kánò rí, tó lọ ní 1983, tàbí tó mọ ọmọ rẹ̀, kí ó wá rí mi. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wà nílé, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, ẹ kàn wọlé.